Ìjàpá tó ti jókòó pẹ́: ṣé másítà ló ba bíréèkì rẹ̀ jẹ́?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi Volkswagen Ìjàpá 1300 ti ọdún 1969 sílẹ̀ fún mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti jókòó sẹ́yìnkùlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti dáhùn, bíréèkì ló kù. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, pẹ́dà á lọ sílẹ̀ títí. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, á dìde díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan níwájú sì máa ń gbóná bí mo bá wà á yí àdúgbò ká. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra másítà tuntun. Ẹlòmíì ní kí n bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnì díẹ̀ sí ti bíréèkì. Mo ní sípánà, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́. Ṣé mo lè tún un ṣe fúnra mi nílé?"

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, o lè tún un ṣe. Bíréèkì Ìjàpá rọrùn ju ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà lójú títì lónìí lọ. Kò ní kọ̀ǹpútà, kò sì ní ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ pẹ́dà. Ẹsẹ̀ rẹ, ọ́ìlì, rọ́bà àti irin ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n má wà á mọ́, kódà láàárín àdúgbò, títí a ó fi parí. Má sì tíì náwó sórí másítà (sìlíńdà ńlá tí pẹ́dà ń tì láti rán ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀), nítorí nínú gbogbo ohun tí o kọ, kò sí ìkankan tó tọ́ka sí másítà tààrà.

Pẹ́dà máa ń sọ ohun tó ń ṣe é, bí a bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Bó bá lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kìíní, tó wá ń ga sí i bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó lè jẹ́ pé ṣúù (irin títẹ̀ tó ń fún mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù láti dá táyà dúró) ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù (irin róbótó tó ń bá táyà yí), ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú ọ́ìlì. Bí ti afẹ́fẹ́ bá ni, pẹ́dà á máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, á sì máa ta padà bíi tìmùtìmù. Ti másítà yàtọ̀. Tẹ pẹ́dà, jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú agbára kan náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń rọra rì, tí o sì wo gbogbo páìpù àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò sí ibi tó ń jò, a jẹ́ pé rọ́bà inú másítà ti gbó, ọ́ìlì ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà. Ìwọ kò sọ pé tìrẹ ń rì. O ní ó ń dìde.

Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tó jẹ́ Toyota àti Honda ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́ kò rántí ni pé kò sí ohun tó ń fún ṣúù Ìjàpá mọ́ra fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ òde òní ń dí àlàfo náà bí láínìn (ohun tó bo ojú ṣúù tó ń ha dúrọ́ọ̀mù) ṣe ń jẹ. Ìjàpá ń retí kí ẹnìkan mú sukurúdíráífà kó sì wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, láínìn á máa jẹ, àlàfo á máa fẹ̀, pẹ́dà á sì máa rìn jìnnà kí ṣúù tó kan dúrọ́ọ̀mù. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á pààrọ̀ másítà rẹ̀, owó á lọ, pẹ́dà á sì tún wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹsẹ̀ iwájú tó ń gbóná ló jẹ mí lógún jù. Àfura mi wà lára họ́ọ̀sì rọ́bà. Mẹ́rin ni họ́ọ̀sì Ìjàpá: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, rọ́bà inú họ́ọ̀sì máa ń wú títí ihò àárín rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán bíi tuntun. Agbára ẹsẹ̀ rẹ lè ti ọ́ìlì gba ihò tóóró yẹn kọjá lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n sípíríǹgì tó ń fa ṣúù padà kò lágbára tó láti dá a padà. Ṣúù á wá máa ha dúrọ́ọ̀mù lára láìdáwọ́ dúró.

Bí o ṣe máa dán an wò nìyí. Gbé ẹsẹ̀ náà kúrò nílẹ̀, ní kí ẹnìkan tẹ bíréèkì kó sì fi sílẹ̀. Bí táyà kò bá yí, lọ sídìí másítà, tú nọ́ọ̀tì páìpù tó ń lọ sí iwájú díẹ̀. Bí táyà bá dá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, másítà ni kò jẹ́ kí ọ́ìlì padà. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí dí ihò kékeré tó ń dá ọ́ìlì padà sínú agolo, tàbí kí ọ̀pá tó ti pẹ́dà wá máa tẹ písítìnì mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo. Àlàfo nǹkan bíi mìlímítà 1 ló yẹ kó wà láàárín ọ̀pá yẹn àti písítìnì. Bí táyà kò bá dá sílẹ̀ nígbà tí o tú ti másítà, tó jẹ́ ìgbà tí o tú nípù (ẹnu kékeré tí a ń ṣí kí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ lè jáde) ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà gan-an ni ọ́ìlì ta jáde tí táyà sì yí, họ́ọ̀sì ni. Bí ìkankan nínú méjèèjì kò bá dá a sílẹ̀, písítìnì ti há nínú sìlíńdà ẹsẹ̀ náà nítorí ìpẹtà, tàbí sípíríǹgì ṣúù ti já.

Bó ti wù kó rí, ọkọ̀ tó jókòó tó bẹ́ẹ̀, họ́ọ̀sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí o pààrọ̀. Má ṣe pààrọ̀ ẹyọ kan kí o fi mẹ́ta sílẹ̀; ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Bí owó tó wà lọ́wọ́ bá jẹ́ ti nǹkan kan ṣoṣo, họ́ọ̀sì ni kí o kọ́kọ́ rà.

Kí o tó tú nǹkan kan, wo ibi tí sítíárìn-ín wà. Apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 kí a tó bọ́ sí apá ọ̀tún, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí sítíárìn-ín ọkọ̀ 1969 wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kí másítà náà sì wà níbẹ̀. Èyí yóò yí ètò fífa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú ọ́ìlì padà, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Wo másítà pẹ̀lú: ṣé ìsọ̀rí kan ni tàbí méjì? Láti oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni Volkswagen ti ń fi onísọ̀rí méjì, tó ya iwájú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yìn, sára púpọ̀ nínú Ìjàpá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ onísọ̀rí kan ni tìrẹ, mọ̀ pé bí páìpù kan bá bẹ́ níbikíbi, bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ. Ó di bíréèkì ọwọ́ nìkan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni lẹ páìpù àtijọ́ tó ti dípẹtà kó sì ní ó ti dára.

Gbígbé ọkọ̀: ibi tí jáàkì ti ilé-iṣẹ́ ń wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjàpá àtijọ́ sábà máa ń jẹrà lábẹ́ ọ̀dà. Má gbẹ́kẹ̀ lé e. Níwájú, irin àgbélébùú tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí o fi ìdúró irin sí lábẹ́. Lẹ́yìn, páìpù ńlá tó gba ìbú ọkọ̀ kọjá níwájú gíá. Má fi búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé gbé e. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Bí o kò bá ní ìdúró irin, ìtì igi líle tó fẹ̀ sàn jù ú lọ.

Bí dúrọ́ọ̀mù bá ti jáde, wàá rí eruku dúdú. Láínìn ayé ìgbà yẹn ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ, má sì pe fọkanáísà wá fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀pọ̀ gáréèjì nìyẹn. Bo imú, fi omi ọṣẹ rin ín, fi àkísà nù ún, kí o wé àkísà náà sínú ọ̀rá kí o tó jù ú nù.

Ti iwájú rọrùn láti tú. Rántí pé nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ iwájú apá òsì ń yí sódì: ọ̀nà tí ò ń gbà fún èyí tó kù ni wàá gbà tú u. Wàyí o, ti ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, sípánà 36, ló di dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn mú, ó sì le bí ọ̀tá. Tú u nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀: fa bíréèkì ọwọ́, fi ọkọ̀ sí gíá, fi òkúta dí táyà iwájú, yọ pínnì, kí o ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ sípánà. Má ṣe é nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ìdúró, ó lè ṣubú. Bí o bá ń dá a padà, nǹkan bíi 294 Nm ni ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n fún un dé. Bí o kò bá ní sípánà tó ń ka agbára, wá páìpù tó gùn ní mítà 1 láti àárín nọ́ọ̀tì, gbé e sí ìbúùbú, kí o sì fi ìwọ̀n kílò 30 tẹ ìpẹ̀kun rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn gan-an. Bí ihò pínnì kò bá ṣe déédéé, fún un sí i títí yóò fi bá a mu. Má dá a padà sẹ́yìn láé, nítorí nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ á jẹ eyín inú dúrọ́ọ̀mù run.

Bí o bá rí ọ́ìlì níbẹ̀, gbọ́ òórùn rẹ̀. Èyí tó nípọn tó ń rùn bíi ti gíá ń wá láti inú gíábọ́ọ̀sì. Síìlì ẹ̀yìn ló ti gbó. Èyí tó ṣàn bí omi jẹ́ ti bíréèkì, sìlíńdà ló ń jò. Èyíkéyìí tó bá ti kan láínìn, láínìn yẹn ti lọ. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi iná sun ún tàbí fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ tí yóò padà dára. Pààrọ̀ rẹ̀, ní méjì-méjì: bí o bá yí ti ọ̀tún, yí ti òsì pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn tó ń kan láínìn tuntun mọ́ ṣúù àtijọ́ ṣì wà, mi ò sì rí nǹkan burúkú níbẹ̀, bí orí ríbẹ́ẹ̀tì bá ti rì wọlé dáadáa. Láínìn tó bá ti tín-ín-rín tó mìlímítà 2.5, pààrọ̀ ẹ̀.

Sìlíńdà ẹsẹ̀: ṣí rọ́bà ìbòrí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí omi bá wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń jò. Bí inú rẹ̀ bá dán, rọ́bà tuntun tó fún un. Bí èékánná rẹ bá kọ́ ihò ìpẹtà nínú rẹ̀, ra odindi. Sípíríìtì tàbí ọ́ìlì bíréèkì tuntun ni kí o fi fọ gbogbo ohun tó ní rọ́bà nínú. Kẹrosíìnì, bẹntiróòlù, gíríìsì lásán, wọn ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Èyí ló mú mi dórí ẹni tó ní kí o bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i. Má gbọ́ tirẹ̀ o! Rọ́bà bíréèkì kò bá ohun tó wá láti inú epo rọ̀bì ṣe. Yóò wú, yóò rọ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ gbogbo rọ́bà láti másítà dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ti bàjẹ́, wàá sì pààrọ̀ gbogbo wọn. Bí o bá ti dà á sí i kí o tó kọ̀wé, sọ fún mi, nítorí iṣẹ́ náà ti pọ̀ sí i nìyẹn. Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára ni kí o rà. DOT 3 tuntun kì í hó kó tó pé 205°C, ṣùgbọ́n bó bá ti mu omi inú afẹ́fẹ́, ìwọ̀n tí òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ já wá sí 140°C. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C àti 155°C. Ó ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, omi sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa fún ìdajì ọdún, nítorí náà má ra èyí tí wọ́n ti ṣí, má sì tọ́jú àjẹkù fún ọdún tó ń bọ̀. Yàgò fún DOT 5 tó jẹ́ sílíkóònù. Kì í bá ti àtijọ́ pò. Bí ọ́ìlì yìí bá kán sára ọ̀dà, da omi sí i kíákíá, torí á bó o.

Páìpù irin: bó bá ti dípẹtà, yí i. Àwọn kan á fi páìpù bàbà tí àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ń lò lọ̀ ọ́. Ó rọrùn láti tẹ̀, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n bàbà lásán máa ń sán bó bá ti gbọ̀n pẹ́. Irin, tàbí àdàlù bàbà àti níkẹ́lì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì, ni kí o lò. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ 10 mm tí eyín rẹ̀ jẹ́ 1 mm, bí wọ́n sì ṣe ń lu ẹnu páìpù Volkswagen kò jọ ti gbogbo ọkọ̀. Mú èyí àtijọ́ dání lọ bá ẹni tó máa lù ú.

Ohun kan wà tí mi ò ní kí o ṣe nílé: gígé dúrọ́ọ̀mù. Bó bá ti ní ilà jíjìn nínú, tàbí kò rí róbótó mọ́, gbé e lọ sọ́dọ̀ táánà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin), kí ó gé méjèèjì tó wà ní ìpele kan náà bákan náà. Nígbà míì, tòkunbọ̀ tó dára ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó lè sàn ju èyí tí wọ́n ti gé tó fi tín-ín-rín.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti padà, fún ṣúù mọ́ra kí o tó fa afẹ́fẹ́. Àwọn èèyàn máa ń yí ètò yìí padà, wọ́n á wá máa fa afẹ́fẹ́ títí ọ̀sán, láìmọ̀ pé àlàfo ṣúù ni. Dẹ bíréèkì ọwọ́ pátápátá. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré méjì tí o lè fi sukurúdíráífà kàn láti ihò tó wà ní ẹ̀yìn tàbí lójú dúrọ́ọ̀mù, ó kù sí ọdún ọkọ̀. Ọ̀kan ń yí sókè, èkejì sísàlẹ̀. Yí i títí táyà á fi há, tẹ pẹ́dà gírígírí kí ṣúù lè jókòó sáàárín, tún yí i bó bá ti dẹ̀, kí o wá dá a padà ní eyín 3 tàbí 4. Táyà gbọ́dọ̀ yí fàlàlà. Ti ọwọ́, fún un títí ẹ̀yìn á fi há ní eyín kẹrin tàbí ìkarùn-ún.

Ìgbà yìí ni kí o wá pe ọmọ kan jókòó sí ìdí sítíárìn-ín. Ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí sítíárìn-ín bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún: ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú òsì, iwájú ọ̀tún. Bó bá wà lọ́wọ́ òsì: ẹ̀yìn ọ̀tún ni kí o kọ́kọ́ ṣe, kí o wá tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Sípánà 7 ló ń ṣí nípù. Ki ọ̀pá ọ̀rá tó mọ́ gara bọ̀ ọ́ lẹ́nu, fi ẹnu kejì rì sínú ìgò tó ní ọ́ìlì díẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́, dì í mú!" ni wàá ké, wàá ṣí nípù, wàá tì í, lẹ́yìn náà ni wàá tó ní "fi sílẹ̀." Ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gòkè nígbà tí nípù ṣì ṣí. Máa wo agolo ọ́ìlì tó wà lẹ́yìn táyà àfikún níwájú. Bó bá gbẹ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Fi pákó kékeré sábẹ́ pẹ́dà kó má bàa dé ìsàlẹ̀ pátá. Ìsàlẹ̀ másítà àtijọ́ tí písítìnì kò dé láti ọjọ́ yìí ti dípẹtà, rọ́bà tó bá gorí rẹ̀ á ya. Másítà tó dára ni wàá wá fi ọwọ́ ara rẹ bà jẹ́ nínú ìgbìyànjú láti tún un ṣe.

Bí pẹ́dà bá ti ga, dá ìdánwò ìṣẹ́jú kan yẹn ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o yẹ gbogbo oríkèé wò. Wà á nínú ọgbà, rọra dúró ní ìgbà díẹ̀, kí o fọwọ́ kan àárín táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n gbóná déédéé ara wọn. Má retí kó rọ̀ lẹ́sẹ̀ bíi ti Corolla; ó máa ń fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ gan-an.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí pẹ́dà bá ṣì ń rì, mẹkáníìkì rẹ ti jàre, lọ ra másítà. Mú èyí àtijọ́ dání lọ sọ́jà, ka ihò páìpù ara rẹ̀, kí o sì wo iye súwíìṣì iná bíréèkì tó wà lórí rẹ̀, nítorí ara másítà ni iná pupa ẹ̀yìn ti ń gba àṣẹ. Bí o bá ti dè é tán, ní kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kó wò ó bóyá iná méjèèjì ń tàn.